Apá aṣọ tó kúrú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìdíje júdò ọmọ mi jẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra aṣọ búlúù tí wọ́n fi ń ṣe júdò, ìyẹn ìjàkadì àwọn ará Japan, láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, owó èkejì sì tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ mi ò fẹ́ kí òbí míì kó sí irú wàhálà tí mo kó sí.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló yege láti lọ sí ìdíje ńlá tó jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, láàárín àwọn tí kílò wọn ò gbọ́dọ̀ ju 52 lọ. Ìrìn àjò, ibi tá a sùn, fọ́ọ̀mù, gbogbo ìyẹn ò le, ẹ máa rí i ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n wọn kílò wọn, ó bọ́ sórí síkéèlì, 51.6, ó rẹ́rìn-ín sí mi, a lọ sùn. Mo ti rò pé ibi tó le jù ti kọjá nìyẹn, torí odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń ṣọ́ kílò yẹn.

Aṣọ ló wá kọ́ wa lẹ́sẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sírú ìdíje yìí, aṣọ méjì lọmọ yín máa mú dání, funfun kan, búlúù kan. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ á wọ funfun, ẹnì kejì á wọ búlúù. Láyé àtijọ́ funfun nìkan ni gbogbo wọn ń wọ̀, bẹ́líìtì pupa àti bẹ́líìtì funfun ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, kó tó di pé Anton Geesink, ará Netherlands tó gba góòlù ní Tokyo lọ́dún 1964, dábàá pé kí ẹnì kan máa wọ búlúù, ní 1997 ni wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lóòótọ́ ó ń jẹ́ kéèyàn ríran dáadáa látòkè níbi tá a jókòó sí, àmọ́ òbí ló ń ra aṣọ méjì o.

Funfun tiẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti rọ̀, kò níṣòro. Búlúù la ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó gan bíi páálí, ọmọ ní ó ń ha òun lọ́rùn. Ni mo bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kó lè tètè rọ̀, mo tún kó o sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Òwú ni aṣọ yẹn, ó sì nípọn, bó ṣe súnkì nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó súnkì, torí nígbà tó wọ̀ ọ́ nílé, ńṣe ló kàn dúró síwájú mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀, apá aṣọ sì dé ọrùn ọwọ́ ẹ̀ dáadáa, mo ní ó ti bá ẹ mu.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, orúkọ ẹ̀ ni ìkejì nínú ìjà àkọ́kọ́ tó máa jà, búlúù nìyẹn. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ sórí máàtì, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn aṣọ ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ìlà ibẹ̀ sì gùn, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni òun àti kóòṣì ẹ̀ fi tò. Wọn ò jẹ́ kí òbí wọlé, mo dúró lẹ́yìn ọ̀pá irin tí wọ́n fi dínà, mò ń wò wọ́n. Ó kàn án, ọkùnrin tó ń wọn aṣọ ní kó na apá méjèèjì síwájú gbọọrọ, apá aṣọ bá fà sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ yọ síta àti díẹ̀ sókè ẹ̀ pàápàá. Ó mú irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sokuteiki, ó fi wọ̀n ọ́n, ó mi orí.

Mo pariwo láti ibi tí mo wà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tuntun ni, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tá a rà á!"

Ó yíjú sí mi, kò jágbe mọ́ mi, ó ní, "Mà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Aṣọ ni wọ́n ń dì mú jà nínú júdò. Tí apá aṣọ tiẹ̀ bá kúrú tó sì fún, kí lẹni tó ń bá a jà fẹ́ dì mú?"

Mi ò lè dá a lóhùn, torí òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló tún wá dùn mí jù. Ó ní tá ò bá rí òmíì, àwọn ní aṣọ ìpamọ́ táwọn lè fún un wọ̀, àmọ́ tó bá wọ ìyẹn, kóòṣì ẹ̀ ò ní lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàtì. Ọmọ mi wò mí, ojú ẹ̀ ti pọ́n, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dá nìkan wọlé."

Mo sáré. Àwọn tó ń ta aṣọ júdò wà níta gbọ̀ngàn, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú sáìsì 165, owó tó pè é, ìlọ́po méjì ohun tí mo ra ti àkọ́kọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dín in kù, kò dín kọ́bọ̀, ó rí i pé mò ń mí hẹlẹ, ó mọ̀ pé mi ò ní ibòmíì tí mo lè lọ. Mo sanwó. Inú bí mi débi pé mi ò dúró gba rísíìtì lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo rò pé ó parí, kóòṣì ní, "Mọ́mì, orúkọ ẹ̀yìn ńkọ́?" Áà! Aṣọ funfun onígun mẹ́rin tí orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ tó súnkì la rán an mọ́, kò sì lè bọ́ sórí máàtì láìsí i, wọ́n ò sì gbà kéèyàn fi píìnì mú un. Ó ku ìjà mẹ́sàn-án kó kàn án. Mi ò ní abẹ́rẹ́, mi ò ní òwú. Mo kàn ń bi gbogbo obìnrin tó wà nítòsí, ìyá ọmọ kan tí mi ò mọ̀ rí ló ṣí báàgì ẹ̀ tó yọ abẹ́rẹ́ fún mi, òwú dúdú ló wà nídìí ẹ̀, mo ní kò burú, ó bá mi fi sísọ́ọ̀sì kékeré tú ti àkọ́kọ́, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń rán an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di aṣọ júdò mú rí mọ bó ṣe nípọn tó, abẹ́rẹ́ ò wọlé, ìdí kọ́kọ́rọ́ ni mo fi ń tì í, ó gún mi níka, ẹ̀jẹ̀ jáde, mo sáré fi tíṣù wé ìka yẹn torí tí ẹ̀jẹ̀ bá kan aṣọ, wọn ò tún ní gbà á. Mo rán ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Màmá mi ló kọ́ mi ní ìránṣọ ọwọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ló máa wúlò jù.

Ọkùnrin yẹn jẹ́ kí wọ́n bọ́ síwájú ìlà. Ó ní kó na apá. Ó wọ̀n ọ́n. Ó ní kó máa lọ. Ìjà méjì ló kù.

Mo dé ìjókòó mi, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ìjà àkọ́kọ́ yẹn kò tó ìṣẹ́jú méjì, ọmọ mi gbé ẹni tó ń bá a jà ṣubú, ó fi kesa-gatame, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dè èèyàn mọ́lẹ̀, tẹ̀ ẹ́ mọ́ máàtì, mò ń ka ogún ìṣẹ́jú àáyá yẹn pẹ̀lú aago ńlá tó wà lókè, ó pé, rẹfirí pe ippon, ìyẹn ni pé ó ti borí pátápátá, mo sunkún gidi. Ó tún jáwé olúborí nínú ìkejì. Ní kọ́tà-fáínà, nígbà tó ku ẹni mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin parí láìsí ẹni tó borí, wọ́n wọ golden score, ìyẹn àfikún àkókò, ọmọ mi ti ní shido, ìyẹn ìjìyà kékeré, méjì, wọ́n ní kò kọlu ẹnì kejì tó, wọ́n fún un ní ẹ̀kẹta, ó parí nìyẹn. Títí di báyìí mi ò gbà pé ẹ̀kẹta yẹn tọ́, mo ti wo fídíò ẹ̀ àìmọye ìgbà. Ó wọ repechage, ìyẹn àǹfààní kejì fáwọn tó pàdánù ní kọ́tà-fáínà, ó fi seoi-nage, ìyẹn gbígbé èèyàn kọjá èjìká, gbé ẹni tó ga jù ú lọ sókè ó jù ú mọ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ wa pariwo, kó tó wá pàdánù ìjà tí wọ́n fi ń du àmì ẹ̀yẹ idẹ. Ipò karùn-ún, ní ìdíje ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀!

Ohun tí ǹ bá ti ṣe ni pé omi tútù ni ǹ bá fi fọ aṣọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, kí n gbé e síta kó gbẹ fúnra ẹ̀, kí n tó ní kó wọ̀ ọ́ wò, kó sì na apá síwájú gbọọrọ kì í ṣe kó dúró bíi sójà. Tó bá sì ti kúrú, kí n mọ̀ nígbà tí mo ṣì lè fara balẹ̀ rà á. Abẹ́rẹ́, òwú funfun, sísọ́ọ̀sì kékeré ń bẹ nínú báàgì mi báyìí, wọn ò sì ní kúrò níbẹ̀. Tí ìwé tí wọ́n fi to ìjà bá jáde lálẹ́, ẹ wò ó kẹ́ ẹ mọ àwọ̀ tó kàn án, ẹ jẹ́ kó wọ èyí tó máa kọ́kọ́ wọ̀ kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ má sì máa pariwo pé ṣe báyìí ṣe tọ̀hún látòkè o, kóòṣì pàápàá kò láṣẹ láti sọ̀rọ̀ àfi tí rẹfirí bá pe matte, ìyẹn "ẹ dúró".

Èyí tó súnkì yẹn, àbúrò ẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ lọ kọ́ júdò báyìí. Mo fẹ́ tú òwú dúdú ẹ̀yìn tuntun yẹn kí n fi funfun rán an dáadáa, ọmọ kọ̀, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.