Máàpù Ibà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ibi tí máàpù bá kùn ní pupa, pé ibà pọ̀ níbẹ̀, ni nẹ́ẹ̀tì àti oògùn máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí máàpù bá ṣìnà, ọmọ tí ibà ń dà láàmú gan-an lè má rí nǹkan kan gbà.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ gbé iye aláìsàn lé orí ibi tí ilé ìwòsàn wà. Ibi tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kọ́ ni ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ èèyàn. Ẹni tó ń gbé Ẹ̀rúwà lè wá gba ìtọ́jú ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn. Bí ẹ bá kà á mọ́ Ìbàdàn, ẹ ti bu ewu fún ẹni tí kò ni ín, ẹ sì ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ béèrè abúlé tí aláìsàn ti wá àti ibi tó ti sùn láìpẹ́ yìí. Ẹ rántí àwọn tí kì í dé ilé ìwòsàn rárá, àwọn tó ń ra oògùn ní kẹ́mísì tàbí tó ń mu àgbo. Àdúgbò tí kò sí nínú ìwé, ẹ má kùn ún bí ibi tí ibà ò sí. Ẹ fi àwọ̀ eérú kùn ún: a ò tíì mọ̀.

Ẹ má gba ìdá nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́ ní abúlé kékeré. Ọmọ 3 nínú 6 ti di ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọmọ mẹ́ta péré ni.

Ìwádìí DHS, ìyẹn ìwádìí nípa ìlera àti iye èèyàn tí wọ́n máa ń ṣe láti ilé dé ilé, máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sún ààmì ibi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò kúrò ní ààyè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá onílé mọ̀: ó lè tó kìlómítà 2 ní ìgboro, kìlómítà 5 ní ìgbèríko, nígbà mìíràn 10 pàápàá. Ẹ̀fọn kì í sábà fò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi irú ààmì yẹn wọn bí ilé ṣe jìnnà sí odò.

Máàpù àtijọ́ Nàìjíríà wà lórí Minna, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀; GPS fóònù wà lórí òṣùwọ̀n mìíràn, WGS84. Bí ẹ ò bá yí ọ̀kan padà, ààmì lè yẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 100.

Àwòrán sátẹ́láìtì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi àbàtà ìgbà òjò hàn. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín ní oṣù Kẹfà, kí ẹ fi ife funfun bu omi wò. Tanwíjí Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, máa ń nà gbalaja lójú omi. Ti Culex, irú ẹ̀fọn mìíràn tí kì í gbé ibà, máa ń dorí kodò. Ẹ má kà wọ́n pọ̀.