Wákàtí Kan Péré Ló Gba Owó Lọ́wọ́ Mi

Dẹ́rẹ́bà tó lọ gbé ìyá mi ní pápákọ̀ JFK ní New York gba owó ìdúró wákàtí kan, orí èmi tí mo jókòó sí Ìta Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú lowó ọ̀hún sì já lé. Èmi ni mo ní báálù á balẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Aago márùn-ún ààbọ̀ ló balẹ̀.

Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti gé àkókò ìbalẹ̀ dànù. 11:30 alẹ́ tí wọ́n máa gbéra nìkan ló hàn. Mo pè é títí, kò gbé e. Ni mo bá ní kí n ṣírò rẹ̀ fúnra mi.

Jíjìn rẹ̀ ò nira. Pápákọ̀ Ìkẹjà wà ní dìgírì 6.58 àríwá, 3.32 ìlà-oòrùn, JFK wà ní 40.64 àríwá, 73.78 ìwọ̀-oòrùn. Ẹ ṣí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù síbi tí sin àti cos wà, kí ẹ fi sin àríwá méjèèjì lu ara wọn. Ẹ fi cos wọn náà lu ara wọn, kí ẹ fi cos 77.1 (3.32 àti 73.78 tí a ro pọ̀) lù ú sí i. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ tẹ cos⁻¹: 75.94 ló máa jáde. Ìlọ́po 111.2, iye kìlómítà tó wà nínú dìgírì kan, ó di nǹkan bíi 8,440 kìlómítà. DEG, ìyẹn dìgírì, ni kí fóònù wà o, tó bá wà ní RAD, ìsọkúsọ ló máa sọ.

Báálù ńlá ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè máa ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ pàdé rẹ̀ lórí òkun. Mo yọ 50. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́wàá. Mo fi ọ̀kan kún un nítorí ìrìn orí ilẹ̀, ìgòkè àti ọ̀nà tí kì í tọ́ gbọọrọ. Mọ́kànlá gééré ló sì gbà! Ibẹ̀ yẹn, mo yan.

Aago ló dójú tì mí. 11:30 alẹ́ pẹ̀lú wákàtí mọ́kànlá, 10:30 òwúrọ̀ tiwa nìyẹn. Mo yọ mẹ́fà, torí aago New York wà lẹ́yìn tiwa. Mo wo aago New York lórí fóònù kí n tó yọ ọ́ o! Ṣùgbọ́n oṣù Kejì ni mo wò ó, nígbà tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìparí oṣù Kẹta ni ìyá mi lọ. Nàìjíríà kì í yí aago. Àwọn ará New York ń yí tiwọn síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, wọ́n á dá a padà ní Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Láàárín ìgbà yẹn, márùn-ún ni ìyàtọ̀, kì í ṣe mẹ́fà. Aago fóònù ò mọ ọjọ́ ìrìnàjò yín, òní nìkan ló mọ̀. Ẹni tó máa yà ní London tún wà nínú ewu jù: Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ni tiwọn.

Ká ní mo tẹ nọ́ńbà báálù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ ni, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, afẹ́fẹ́ á máa tì wọ́n lẹ́yìn, nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ márùn-ún, báálù tó bá gbéra ní New York ní ọ̀sán gangan lọ́jọ́ Àìkú á balẹ̀ ní Ìkẹjà ní aago mẹ́ta òru mọ́jú Ajé. Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbé wọn, kó má lọ jókòó síbẹ̀ láti òru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú.