Bí Mo Ṣe Fi Bátìrì Kékeré Sí Mítà Ọ̀kadà Mi

Aago méjìlá géérégé ni mítà ọ̀kadà mi máa ń pè nígbàkígbà tí mo bá ti tẹ sítátà, ìbáà jẹ́ àárọ̀ kùtù, ìbáà jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ti aago kò tilẹ̀ dùn mí, fóònù wà lápò. Òǹkà kìlómítà tí mo máa ń dá padà sí òdo láràárọ̀ ló ń dùn mí. Dísípáàṣì ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, òǹkà yẹn ni mo fi ń ṣírò epo. Bí mo bá gbé ẹrù láti Alágbàká dé ẹnu ọ̀nà FUTA, tí mo pa ẹ́ńjìnnì, tí mo tún tan án, gbogbo ohun tí mo ti rìn láti àárọ̀ ti pòórá. Mo wá ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, títí òjò fi pa ìwé náà lápò mi.

“Ra bátìrì tuntun,” ni gbogbo ẹni tí mo sọ fún ń wí. Mo rà á. Ó ṣe dáadáa fún oṣù mélòó kan, àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé. Òwúrọ̀ ọyẹ́ máa ń mú kí ọ́ìlì ki, agbára bátìrì fúnra rẹ̀ sì máa ń dín kù, sítátà á wá máa fa iná bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo fi tẹ́sítà wò ó: volt 12.4 ni bátìrì wà kí n tó tẹ sítátà, bí mo sì ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó já sí ìsàlẹ̀ 9. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, ṣùgbọ́n ó ti tó fún mítà láti gbàgbé ohun gbogbo. (Bí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí bátìrì ná. Bí irin orí rẹ̀ bá ti dípẹtà, tàbí tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú, àmì kan náà ni yóò fi hàn yín.)

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gun ẹ̀rọ tó ń sáré lórí yìnyín (snowmobile) ní Kánádà ni mo ti rí ọgbọ́n tí mo dá. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn ni kò ní bátìrì rárá, okùn ni wọ́n ń fà tí ẹ́ńjìnnì fi ń tan, mítà ò sì ní lajú àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye epo tó kù kó tó fa okùn, á wá bátìrì kékeré fún mítà nìkan. Mo ní èmi náà á ṣe é.

Mo ra bátìrì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń lò fún áláàmù, volt 12, 1.3Ah (ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú), ní Arákàlẹ̀. Mo tú iwájú ọ̀kadà. Wáyà iná méjì ló wọ inú mítà, yàtọ̀ sí áàtì (wáyà nẹ́gátíìfù): ọ̀kan kì í ní iná àfi tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, èkejì máa ń ní iná nígbà gbogbo. Èkejì yìí ni mítà fi ń rántí nǹkan. Pupa ni tèmi, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ lé àwọ̀. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wá fi tẹ́sítà wá wáyà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀.

Ibí ni mo ti ṣe wèrè. Mo kàn so bátìrì kékeré mọ́ wáyà pupa ni, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù. Mo tẹ sítátà. Òórùn rọ́bà jíjó ló kọ́kọ́ kí mi. Kí n tó mú ọwọ́ kúrò, ara wáyà tín-ín-rín yẹn ti ń yọ́. Mo ti ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe ríwáyà ní Òkè-Àró. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Àbúrò, ọmọ ọwọ́ lo ní kó wá bá bàbá ẹ̀ gbé àpò sìmẹ́ǹtì.”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé sítátà á fa iná lára kékeré náà ni.”

“Kí ló fẹ́ dá a dúró? Fi diode sí i.”

Diode jẹ́ ilẹ̀kùn tí kì í ṣí sí ẹ̀yìn. 1N5408 ló fún mi, ó lè gbé ampere 3. Mo kọ́kọ́ tú nẹ́gátíìfù bátìrì ńlá, mo gé wáyà pupa sí méjì, mo wá fi áyọ́ọ̀nù àti lẹ́ẹ̀dì jó diode sí àárín. Ìlà funfun ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ìhà mítà. Bí ẹ bá yí i padà, iná bátìrì ńlá ò ní kọjá dé mítà. Ìhà mítà yìí náà ni mo so pọ́sítíìfù bátìrì kékeré mọ́, pẹ̀lú fíúsì ampere 1 lẹ́bàá orí rẹ̀. Nẹ́gátíìfù lọ sára fírémù.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí: diode máa ń jẹ bíi volt 0.7 nínú iná tó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, volt 14.3 ló ń ti ọ̀dọ̀ bátìrì ńlá wá lára tèmi. Ẹ yọ 0.7 kúrò, ó ku 13.6, iye tí irú bátìrì kékeré yẹn sì fẹ́ gan-an nìyẹn tí a bá fẹ́ kó máa wà ní kíkún láìgbóná. Mi ò ra ẹ̀rọ cháájì kankan mọ́ ọn.

Mo fi túùbù táyà tó ti bàjẹ́ wé bátìrì kékeré náà, mo tì í bọ abẹ́ ìjókòó kí gbágungbàgun ọ̀nà má baà fọ́ ọ.

Bí mo bá tẹ sítátà báyìí, ojú mítà á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á sì padà síbi tó wà. Mo lọ sí ìnáwó ní Ìkàrẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo gbé ọ̀kadà sílé. Nígbà tí mo dé, aago ò yẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí òǹkà dúró ni mo tó mọ̀ pé láti Ìjàpọ̀ dé Ìdànrè àti àbọ̀, owó kìlómítà 40 ni mo ti ń gbà fún ìrìn tó lé ní 50. Mo ti fi owó lé e. Oníbàárà kan ò tíì dá mi lóhùn láti ìgbà náà.