Bí A Ṣe Ń Dán Egbò Egbèsì Wò Nítorí Ẹ̀dọ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá máa ń wá bá mi ní láàbù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, mo fẹ́ fi hàn pé egbò báyìí ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀." Èsì mi ni pé kí wọ́n má wá fi nǹkan kan hàn, kí wọ́n wá wò ó ni. Èèyàn lè ṣe iṣẹ́ yìí kí èsì rẹ̀ dùn gan-an kó má sì jẹ́ òótọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ń lọ se egbò mu nílé. Egbò igi egbèsì ni màá fi ṣàlàyé: a ó fi àpọ̀jù parasítámọ̀ ba ẹ̀dọ̀ eku jẹ́, ká wò ó bóyá egbò náà á dáàbò bò ó.

Ibi tí egbò ti wá ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ẹ má kàn ra èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ ní ọjà Bódè n'Ìbàdàn. Àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ mọ ohun tí wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ka iṣẹ́ yín kò sí lọ́jà pẹ̀lú yín. Ẹ bá ẹni tó mọ igi náà lọ sóko, ẹ gé ẹ̀ka tó léwé, tó lódòdó tàbí èso, kí ẹ gbé e lọ sí Forest Herbarium, ibi tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pa mọ́ fún ìdámọ̀, nínú ọgbà FRIN (iléeṣẹ́ ìwádìí igbó) ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà àkọsílẹ̀ ibẹ̀ (FHI). Ẹ kọ orúkọ ilẹ̀ tí ẹ ti wú egbò náà sílẹ̀. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn rí tramadol, oògùn ìrora tí iléeṣẹ́ ń ṣe, nínú egbò egbèsì láti àríwá Kamẹrúùnù, wọ́n ní igi náà ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Nígbà tó di 2014, àwọn mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì ní rárá o, pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń fún màlúù ní tramadol, tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù gbé e wọlẹ̀, tí egbò sì fà á mu. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò gbà. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé egbò lè ní ohun tí a kò retí nínú.

Ẹ fọ egbò, ẹ gé e, ẹ sá a síbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ lọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ àgbo tí ará ilé ń mu lẹ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, omi ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń fi methanol, kẹ́míkà láàbù, se àgbo. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbẹ ẹ́ nínú ooru tí kò ju 40°C lọ, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi DMSO, kẹ́míkà olómi tí wọ́n fi ń yọ́ nǹkan, pò ó fún eku o. DMSO nìkan lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ parasítámọ̀, ẹ ó wá máa yin egbò fún iṣẹ́ tí kò ṣe.

Ẹ gba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú ẹranko kí ẹ tó fọwọ́ kan eku kankan. Ẹ pín àwọn eku sí ọ̀wọ́: ti omi lásán, ti parasítámọ̀ nìkan, ti egbò nìkan, ti egbò àti parasítámọ̀, ti acetylcysteine (oògùn tí ilé ìwòsàn fi ń kojú àpọ̀jù parasítámọ̀) àti parasítámọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti yọ ti egbò nìkan kúrò kí owó má bàa pọ̀. Mi ò ní gbà. Òun ló máa sọ fún wa bóyá egbò náà fúnra rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń dàrú jù ni àkókò tí a fún eku ní egbò. Parasítámọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di májèlé tí a ń pè ní NAPQI, glutathione, èròjà kan tó ń dáàbò bo ara nínú ẹ̀dọ̀, a sì máa ká májèlé náà lápá kò. Bí oògùn bá pọ̀ jù, glutathione á tán, NAPQI á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀dọ̀. Egbò tí ẹ fún eku ṣáájú oògùn lè dí ensáìmù tó ń ṣe NAPQI lọ́wọ́. ALT, ensáìmù tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́, á wálẹ̀, inú yín á dùn, síbẹ̀ egbò kò wo nǹkan kan sàn, májèlé ni kò jáde. Nítorí náà, ẹ ní ọ̀wọ́ kan tó jẹ́ pé ẹ̀yìn oògùn ni wọ́n gba egbò. Kí ẹ sì wọn glutathione inú ẹ̀dọ̀ àwọn eku kan ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn oògùn: bí kò bá dínkù rárá lára àwọn tó gba egbò ṣáájú, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24 fún ALT àti AST (ensáìmù bíi rẹ̀ tó tún wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa), ẹ fi urea àti creatinine kún un nítorí kíndìnrín. Ẹ rọra fà á o, torí bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá fọ́, AST á ga lásán. Ẹni tó máa wo ẹ̀dọ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù kò gbọ́dọ̀ mọ ọ̀wọ́ tí ó ti wá. Àyíká iṣan àárín ni kó tẹjú mọ́, ibẹ̀ ni parasítámọ̀ ti ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ jù.

Nínú ìwé yín, ẹ kọ ọ́ gbangba pé eku ni, kí ẹ sì kọ wákàtí tí wọ́n gba egbò. Bí ará ilé bá gbọ́ iṣẹ́ yín tó sì bi yín léèrè, ẹ sọ fún un pé ẹni tó bá gbé parasítámọ̀ púpọ̀ mì, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá le koko, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ lè kọjá láìsí àmì kankan. Acetylcysteine ni wọ́n máa fún un níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù lọ kí wákàtí mẹ́jọ tó pé. Kó má dúró se egbò.