Bí ẹ bá ń wá ìtàn Agége lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìtàn Agége, ẹ má kàn tẹ "Agége" sórí Google lásán, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni yóò bo gbogbo rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ Jacob Kehinde Coker, tàbí Agege Planters' Union tí òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1907. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà. Kòkó àti obì gbàǹja ni wọ́n ń gbìn. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, gba Agége kọjá, òun ló sì ń gbé obì lọ sí Òkè Ọya. Obì yìí wà lára ohun tó kó àwọn oníṣòwò Haúsá wá síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ohùn àwọn àgbà ilé yín sórí fóònù. Ẹ bi wọ́n: oko ta ni wọ́n ṣe? Ta ló ń ra obì lọ́wọ́ wọn? Orúkọ tí wọ́n bá dá ni kí ẹ wá máa wá.

Ìwé àtijọ́ pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí archive.org. Fún ti rélùwéè, ẹ dé Jaekel House ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta, ilé 1898 tó di mùsíọ́mù.

Ẹni tó bá ní fọ́tò ibùdó ọkọ̀ ojú irin Agége àtijọ́, ẹ fi ránṣẹ́ síbí.