Àkókò ò tán mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́ nínú JAMB

Nígbà tí JAMB ku ọ̀sẹ̀ kan, àbúrò mi ò tíì lè parí ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. Orí Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń há sí. Ó kàwé mọ́jú, oorun ló bá a jà. A ra ìbéèrè àtijọ́ kún un ní Dùgbẹ̀, kò yàtọ̀.

Orí kọ̀ǹpútà tó fi ń dánra wò ló ti yanjú. Ó ń ṣọ́ aago, ó pa máòsì tì: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún èyí tó kàn, P láti padà sẹ́yìn. (Ẹ ṣọ́ra fún S o, òun ni wọ́n fi ń parí ìdánwò!) Iṣẹ́ mẹ́ta tó ní ìbéèrè 40-40 ló kọ́kọ́ ṣe, ó fi 60 ti Gẹ̀ẹ́sì kẹ́yìn. Nígbà tó ku ọ̀la, a wọ máíkírà lọ wo sẹ́ńtà lápá Bódìjà, ó sì tètè sùn.

Ó parí kí àkókò tó pé. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá yá lọ́wọ́ lè má nílò àtifi í kẹ́yìn ṣá.