Nígbà tí ìwé ìtàn àròsọ bá fọ́nká lórí pẹpẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Dewey, ètò nọ́ńbà tí ilé ìkàwé fi ń pín ìwé sí ọ̀wọ́, la fi ń to ìwé. Òǹkọ̀wé kan náà ní ìwé kan ní 823, òmíràn ní 843. Ṣé a ṣì í kọ ni?

Ìdáhùn: Rárá. Èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ìwé ni Dewey ń wò ní ọ̀wọ́ 800: 823 jẹ́ ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì, 833 ti Jámánì, 843 ti Faransé. Ìwé Faransé tí wọ́n túmọ̀ kò kúrò ní 843. Ẹni tó bá fi èdè méjì kọ̀wé yóò pín sí ọ̀nà méjì dandan. Bó bá ń dààmú àwọn òǹkàwé, ẹ lẹ F (fiction, ìtàn àròsọ) àti lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé mọ́ ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ tò wọ́n bí ABD. Ẹ má pa nọ́ńbà Dewey rẹ́ nínú katalọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé tí ilé ìkàwé ní, o.

Ìbéèrè: A pín ìtàn àròsọ sí ìtàn ìfẹ́, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ti ìgbà àtijọ́. Ìwé tó jẹ́ méjì ńkọ́?

Ìdáhùn: Ojú kan ni ìwé lè jókòó sí lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n katalọ́ọ̀gì lè pè é ní gbogbo ohun tó jẹ́. Ẹ gbé e síbi tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò ti kọ́kọ́ wá a, kí ẹ sì kọ òfin náà sílẹ̀ kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín má bàa tú u ká. Ìwé tó tẹ̀ léra kò gbọdọ̀ pínyà, bí apá kejì tilẹ̀ fẹ́ jọ ìtàn ìfẹ́.

Nínú MARC, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka àkọsílẹ̀ katalọ́ọ̀gì, àyè tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 655 ni ẹ ó kọ irú ìtàn sí, ẹ sì lè tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù: wọ́n á kọ “ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́” sí 650. Ohun tí ìwé ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni 650, ohun tí ìwé jẹ́ ni 655. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ẹni tó ń wá ìwé ìwádìí lórí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yóò rì sínú àwọn ìtàn náà fúnra wọn. Ìtàn àròsọ nípa ogun lè ní “ogun” ní 650, kí $v, àmì ìpín kékeré tó ń sọ irú ìwé, tẹ̀ lé e láti fi hàn pé àròsọ ni.

Ìbéèrè: Òǹkàwé á ní, “Ẹ fún mi ní ìtàn tó ń pani lẹ́rìn-ín, tí kò le kà.” Níbo lèyí wà?

Ìdáhùn: Annelise Mark Pejtersen ní Dẹ́ńmáàkì tẹ́tí sí irú ìbéèrè báyìí láàárín òǹkàwé àti òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, ó sì pín in sí mẹ́rin: kókó ìtàn, àsìkò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ kí a mọ̀ tàbí kó ṣe wá lọ́kàn, bó ṣe rọrùn kà sí, títí kan ìwọ̀n lẹ́tà. Ẹ kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí 520, àyè àkópọ̀ ìwé nínú MARC. Ẹ má da ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé kọ, nítorí títà ni wọ́n fi ń ta ìwé.